Igi Furúùtù Wa Dé Leeds

Leeds,
9 oṣù kẹsàn-án, 1994.

Bàbá mi àti Màámi,

Mo mọ̀ pé Bàbá á ti ní kí Màámi wá jókòó kí wọ́n tó já lẹ́tà yìí, nítorí náà, ẹ kú ìjókòó. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún Màámi ńkọ́? Òtútù ti ń dé níbí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi le, kò sí ohun tó ń ṣe mí àfi àárò yín.

Ìròyìn tí mo mú wá tóbi. Ilé onígíláàsì gàgàrà kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n ti ń gbin òdòdó láyé ọjọ́un. Ó ti pẹ́ tó ti ṣófo. Àwọn tó ni ín ní kí àwa tí à ń gbẹ́ ère wá sọ ohun tí a lè fi inú rẹ̀ ṣe fún àwọn èèyàn láti wá wò. Ọ̀pọ̀ ló kọ̀wé sí wọn. Èmi ni wọ́n mú. Bàbá, èmi ni wọ́n mú o! Ọmọ Akowonjo!

Iwájú ilé wa ni mo fẹ́ mú wá síbí. Màá fi ère ṣe àwọn igi àti ewé rẹ̀, tí èèyàn á lè fọwọ́ kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Lucy, ó mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mowó. Ẹni tó bá wọlé, a ó dé akoto kan sí i lórí, tẹlifíṣọ̀n kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti dé e, kò ní rí Leeds mọ́. Akowonjo ni yóò máa rí, oòrùn wa, àti igi tó ń hù láti ilẹ̀ títí yóò fi ṣíji bò ó. Tó bá yí orí, ohun tó ń rí á yí pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá na ọwọ́, ère tí mo ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ máa bà, yóò sì dá a lójú pé igi tí òun ń rí yẹn gan-an ni òun fọwọ́ kàn.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín kò ju ewé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ já ewé iwájú ilé ránṣẹ́ sí mi: ewúro, ibẹ́pẹ, àti ewé igi furúùtù tí à ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Mo ti pẹ́ kúrò nílé, ohun tí mo rántí kò tó mọ́.

Èmi ni ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Olúfúnmiláyọ̀.


Akowonjo,
30 oṣù kẹwàá, 1994.

Fúnmi,

Lẹ́tà rẹ dé, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tó fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà. Kò sí epo mọ́tò, ohun gbogbo ń rìn bí ìgbín. A dúpẹ́ pé o wà láàyè. Orúnkún ìyá rẹ ti gbà fún un, ó ti ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá padà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ara tèmi náà le. Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́ ṣì máa ń ya sí ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n bá rí mi.

O kú oríire ilé onígíláàsì. Mo ka ibẹ̀ sókè fún ìyá rẹ, ó ní kí n tún un kà. Àmọ́ kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ akoto yẹn kò yé mi. Ẹni tó bá dé nǹkan sórí tó wá ń rí igi tí kò sí níbẹ̀, ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ìtọ́jú la máa ń gbé irú wọn lọ gbà. Ó sì yà mí lẹ́nu pé òyìnbó tó ti rí gbogbo nǹkan láyé, igi furúùtù tí àdán ń jẹ ló wá fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Mo ti pa ẹnu mi mọ́.

Ní ti ewé tí o béèrè, ìyá rẹ kò fi falẹ̀ rárá. Ó já ewúro, ó fọ̀ ọ́ títí kíkorò rẹ̀ fi lọ, ó fún un, ó sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ dáadáa. Ti ibẹ́pẹ, ó gún un kúnná, ó ní bóyá ibà ló ń ṣe ọ́ tí o kò fẹ́ sọ. Ti furúùtù nìkan ni kò fi sí i, nítorí kò mọ ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi í sè. Ó fi irú àti ẹ̀gúsí kún un. Gbóyèga, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣòwò ẹ̀yà mọ́tò, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti London, ni a kó o fún.

Máa jẹun dáadáa.
Èmi bàbá rẹ,
Zacchaeus Ọláníyan.


Leeds,
24 oṣù kọkànlá, 1994.

Bàbá mi, Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kò ní rí àìsàn ọmọ. Gbóyèga kó ẹrù dé. Mo ti sọ fún Lucy pé ewé ilé wa ń bọ̀, ó ti nu tábìlì, ó ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀. Nígbà tí mo tú ọ̀rá, ewúro ti ká jọ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Lucy wò mí, ó ní, "Ewé wá dà?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbé ìkòkò kaná. Lucy bu ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Màámi, kò sí ọbẹ̀ tó dà bíi tiyín.

Àmọ́ kì í ṣe jíjẹ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́ o. Mo fẹ́ rí bí ewé náà ṣe rí lódindi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ wọn sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí wọ́n gbẹ ní pẹlẹbẹ. Èyí tó ṣòro ni igi furúùtù fúnra rẹ̀. Òun ni òpómúléró iṣẹ́ náà. Mo ní láti rí èèpo ara rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kì í sì í ṣe ohun tí fọ́tò lè gbà.

Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo lè bẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé ní Ikotun, ẹ ó rí pí-ó-pì, ẹ̀tù funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà, tí wọ́n tún fi ń di ẹsẹ̀ tó bá ṣẹ́. Ẹ fi àdín pa ara igi kí ẹ̀tù náà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi omi pò ó, ẹ fi rẹ́ igi nípọn, ẹ wá fi aṣọ funfun wé e yíká kó lè dì í mú. Tó bá ti le, ẹ ṣí i lábala-lábala. Gbogbo àwòrán èèpo igi á ti wà nínú rẹ̀. Èmi á wá da ohun èlò tèmi sínú rẹ̀ níbí, igi wa á sì jáde.

Ní ìparí oṣù kejì ni àwọn onílé ń bọ̀ wá wo ibi tí mo bá a dé. Tí wọn kò bá bá igi níbẹ̀, ẹlòmíràn tó ti ń dúró ni wọ́n máa fún ní ilé náà. Bàbá, mo kúnlẹ̀.

Ọmọ yín,
Fúnmi.


Akowonjo,
28 oṣù kejìlá, 1994.

Fúnmi,

A kú ọdún, a kú ìyèdún. Ìyá rẹ ti gbọ́ pé òyìnbó bu ọbẹ̀ òun lẹ́ẹ̀mejì, a kò gbádùn mọ́ láti ìgbà náà. Gbogbo ìpàdé àwọn ìyá ló ti gbọ́, àwọn tí kò wá sí ìpàdé náà ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ igi yìí ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ni mí tẹ́lẹ̀, bàbá ìjọ sì ni mí lónìí. Ṣé o wá fẹ́ kí gbogbo àdúgbò rí mi níwájú ilé, kí n máa fi òróró pa igi lára bí ẹni ń tọ́jú ìkókó? Ìyá rẹ ní òun kò lọ́wọ́ sí i. Ó ní tí wọ́n bá bi òun, òun á ní òun kò mọ̀ mí rí. Jẹ́ kí n rò ó.

Ó tún ku ìbéèrè kan. Kí ló dé tí o kò fi ṣe igi ibẹ̀? Àbí igi kò sí ní ìlú òyìnbó ni?

Bàbá rẹ.


Leeds,
11 oṣù kejì, 1995.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà yín ti ìparí ọdún ni mo tún ń kà, nítorí kò sí òmíràn. Mo kọ̀wé ní oṣù tó kọjá, n kò gbọ́ nǹkankan. Gbóyèga ti wá sí Èkó, n kò mọ̀ bóyá ẹ rí i. Ewé tí ẹ tẹ́ dé bá mi, wọ́n dára, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ilé onígíláàsì náà dà bí abọ́ tí wọ́n da ata sí tí kò sí ẹran.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ṣe igi ibí. Igi ibí dára. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, tí mo bá ti sọ ibi tí mo ti wá fún èèyàn, ojú àánú ló máa fi wò mí, bí ẹni pé ìyà nìkan ló ń hù nílẹ̀ wa. Mo ti gbìyànjú láti fi ẹnu ṣàlàyé, ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dé ilé wa. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró lábẹ́ igi wa kí ara tù wọ́n, kí àánú náà tán lójú wọn.

Tótó, ó ṣe bí òwe o: àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá, orí ọmọ yín ti ń wọ́. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè ṣe é, ẹ bá ti sọ fún mi láti oṣù kejìlá. Oṣù yìí ń tán lọ lójú mi. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Fúnmi.


Akowonjo,
14 oṣù kejì, 1995.

Fúnmi,

Ó dá mi lójú pé lẹ́tà ìbínú rẹ ti wà lójú ọ̀nà. Mo mọ ẹni tí mo bí. Mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́ kó tó dé. Gbóyèga ló mú èyí wá fún ọ pẹ̀lú àpò ńlá méjì. Má fọwọ́ kan àpò náà títí o fi máa kà á tán, nítorí mo jìyà lórí rẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ mọ̀.

Mo ra pí-ó-pì. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo fi àdín pa ìsàlẹ̀ igi, mo po ẹ̀tù, mo fi rẹ́ ẹ, mo fi aṣọ ibùsùn funfun ìyá rẹ wé e láìgbàṣẹ. Ó le, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí láti ṣí i, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fúnmi, ìwọ kàwé, èmi náà kàwé, kò sì sẹ́ni tó rò ó nínú àwa méjèèjì: àgbàlagbà kan ní àárọ̀ kùtù, àdín lọ́wọ́ rẹ̀, funfun ní gbogbo ara rẹ̀, ó ń so aṣọ àlà mọ́ igi. Kí ni ìwọ ìbá pè é tí o bá ń kọjá?

Sìdíkátù tó ń ránṣọ ní ọ̀kánkán wa ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ kú ọdún o."

Mo ní, "Ọdún wo?"

Ó ní, "Ti igi ni ṣá."

Mo rò pé ó ń ṣeré. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀rọ̀ ti dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó ti dé Gowon Estate, ó sì ti padà wá bá mi nílé: bàbá ìjọ ti ń bọ igi. Ní ọjọ́ Àìkú, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo lápá ọ̀tún, ó ṣófo lápá òsì. Ó dùn mí. Mo fẹ́ já gbogbo rẹ̀ dànù. Ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́ ohùn mi. Lẹ́yìn náà mo tún lẹ́tà rẹ kà, ibi tí o ti ní èmi nìkan ni o lè bẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gun àkàbà, mo bẹ̀rẹ̀ apá òkè.

Ibẹ̀ ni wọ́n bá mi. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, akọ̀wé ìjọ, ló ṣáájú, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn gbé àáké. Olúbọ̀dé ní, "Bàbá, ìjọ ló rán wa. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká gé igi yìí, kí ọ̀rọ̀ tán ńlẹ̀."

Mo ní, "Ẹ gé kí ni?"

Ẹnìkan ti fa aṣọ lókè. Pí-ó-pì tó ṣì tutù ń já bọ́, ọpẹ́lọpẹ́ ẹnìkan tó sáré gbà á. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti igi náà, mo ní ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó kọ́kọ́ gé mi. Mo ní, "Olúbọ̀dé, èmi ni mo kọ́ ọmọ rẹ ní a, b, d. Ṣé èmi ni màá wá máa bọ igi lọ́jọ́ ogbó mi?"

"Ẹ ṣàlàyé fún wa nígbà náà, sà."

Ni mo bá ṣe àṣìṣe. Mo ṣàlàyé. Mo ní wọ́n máa dé akoto kan lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ti dé e, wọ́n á máa rí igi yìí láìjẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Ojú wọn le sí i. Ẹni tó gbé àáké bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè ẹ̀mí.

Mo rí i pé ẹnu kò lè gbà mí. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé aṣọ ìsàlẹ̀, mo fa abala kan. Ó dún pà, ó ṣí. Mo yí inú rẹ̀ sí wọn.

Fúnmi, gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Gbogbo sísán ara igi náà ló wà níbẹ̀, títí dé ojú ọ̀nà tí èèrà ń gbà gòkè. Olúbọ̀dé yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó fi ìka tọ́ ọ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Igi yìí náà ni. Òun gan-an ni." Ó yíjú sí mi. "Fúnmi ló ní kí ẹ ṣe é? Fúnmi wa?"

Sìdíkátù bú sẹ́rìn-ín ní òdì kejì. "Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò kúkú ní gé e mọ́, àbí? Abẹ́ ẹ̀ ni mò ń gbé máṣíìnì mi lọ tí ooru bá mú jàre!"

Ẹni tó gbé àáké ló gbé àpò méjèèjì yìí dé ọ̀dọ̀ Gbóyèga, orí ara rẹ̀ ló fi rù wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, àlùfáà ní kí n dìde, ó ní kí ìjọ bá mi yọ̀ nítorí ọmọ mi tí wọ́n yàn láàárín ọ̀pọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dúró pẹ́ díẹ̀ kí n tó jókòó.

Ó yá, tú àpò rẹ.
Zacchaeus Ọláníyan, bàbá rẹ.


Leeds,
22 oṣù karùn-ún, 1995.

Bàbá mi, Màámi mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo yíká! Mo mọ̀ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ nìkan kò tó. Lẹ́tà tí mo kọ ní oṣù kejì, ẹ bá mi fà á ya.

Àwọn onílé bá igi wa níbẹ̀ ní oṣù kejì, wọ́n sì fọwọ́ sí i. A ti ṣí ilé onígíláàsì náà. Òjò ń rọ̀, èèyàn sì tò láti ẹnu ọ̀nà yí ilé náà ká. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ dé akoto, ó na ọwọ́, ó kan igi wa, ó kígbe, "Igi ni!" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ ti ara wọn ṣubú. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ dìde mọ́, ó ní òun ń yá oòrùn náà. Ilé tí wọ́n yá mi fún oṣù kan, wọ́n ti ní kí n máa lò ó títí ọdún fi máa parí. Àwọn ará Edinburgh ti kọ̀wé pé àwọn náà ń fẹ́ ẹ tí a bá ṣe tán níbí. Kò tíì sí ẹni tó fi ojú àánú wò mí láti ọjọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé báwo ni èèyàn ṣe ń dé Akowonjo.

Àmọ́ nǹkan kan wà. Nígbà tí mo da ohun èlò mi sínú abala òkè tí mo sì ṣí i, ọwọ́ èèyàn kan yọ síta lára igi náà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí mi, ìka rẹ̀ là díẹ̀. Lucy bi mí bóyá ká rẹ́ ẹ dànù, nítorí kò sí ọwọ́ kankan nínú ohun tí akoto ń fi hàn. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ní báyìí, igi nìkan ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá a lọ, ọwọ́ kan á pàdé tiwọn. Ìyá arúgbó kan kò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tí a ṣí akoto lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ tutù fún omijé, ó ní, "Ẹnìkan dì mí lọ́wọ́ mú." Látìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wá ọwọ́ yẹn.

Ó kéré ju tiyín lọ, Bàbá. Òrùka wà ní ìka rẹ̀. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fẹnu yín sọ fún mi.

Ọmọ yín tí ẹ̀yin gbé ga,
Olúfúnmiláyọ̀.


Akowonjo,
18 oṣù kẹfà, 1995.

Fúnmi, ọmọ mi,

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí. Bàbá rẹ fẹ́ bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, òun á fi ara rẹ̀ ṣáájú.

Ọwọ́ mi ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ọkùnrin tó wà lórí àkàbà. Bí wọ́n ṣe fa aṣọ, mo rí funfun yẹn tó ń já bọ́ sílẹ̀. Mo ní, hẹ̀ẹ́, nǹkan ọmọ mi ń fọ́ lọ. N kò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo tẹ́ ọwọ́, ó fi ojú tó kan igi bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi sì rì sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tutù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí omi ẹ̀kọ, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀. Bí bàbá rẹ ṣe ń bá wọn jà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mo gbé e dání títí ó fi le. Orúnkún mi ń dún. Mo wá kìlọ̀ fún bàbá rẹ pé kò gbọ́dọ̀ sọ, nítorí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé n kò lọ́wọ́ sí i.

Ojú kò tì mí mọ́ o. Mo ti ka lẹ́tà rẹ fún ìpàdé àwọn ìyá, mo tún kà á fún Sìdíkátù. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ náà kí àwọn wò ó. Mo nà án.

Gbọ́, iṣẹ́ kan ni mo rán ọ. O ní wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń di ọwọ́ mi mú, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ mi nínú wọn. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Mú pátákó, kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, kí o kọ ọ́ ní Yorùbá: Susanna Ọláníyan ló nílé yìí. Ẹni tó bá wá bi ọ́ pé kí ni ọwọ́ yẹn ń sọ, jẹ́ kó mọ̀ pé mo ní kó káàbọ̀.

Ìyá rẹ.